Ìdọ̀bálẹ̀ Déolú ní Jeonju

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kí ìtàn yìí tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ pé Morọ́láyọ̀ kò gbàgbé.

Kò gbàgbé léèsì aláwọ̀ ewé tí ìyá rẹ̀, Abibat, wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà, èyí tó ti ń tọ́jú láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Alhaji Rasaq, ti wà láyé. Kò gbàgbé àga tí wọ́n yá ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n tò yí pálọ̀ wọn ká ní Capitol Heights ní Maryland, tàbí Bọ̀dá Mọ́ṣúdù, àbúrò bàbá rẹ̀, tó wakọ̀ wá láti Delaware kí ó lè dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó. Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni. Akínwùmí, tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ń kó àwọn ẹbí rẹ̀ bọ̀ láti Glenarden wá tọrọ ìyàwó.

Glenarden sí Capitol Heights kì í ṣe ìrìn àjò. Iná ojú pópó nìkan ló lè dá ènìyàn dúró lọ́nà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán pọ́n, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn. Abibat pe ìyá Akínwùmí lórí fóònù. Ọláídé ni wọ́n ń pè é, ìyá ìjọ, ẹni tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ kí láàárọ̀ Sọ́ńdè.

"A ti wà lọ́nà, Alhaja," ni Ọláídé dáhùn. "Kò ní pẹ́ mọ́."

Ìrẹsì tutù. Abibat tún pè, ohùn kan náà tún dáhùn: "A ti wà lọ́nà. Kò ní pẹ́ mọ́." Mọ́ínmọ́ín tí Abibat fi gbogbo òwúrọ̀ bó ẹ̀wà rẹ̀ dì sínú ewé. Bọ̀dá Mọ́ṣúdù sùn lọ lórí àga. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ni ọ̀rọ̀ Akínwùmí wọlé sórí fóònù Morọ́láyọ̀: "I'm sorry. Mọ́mì ní àwọn ò wá mọ́. Jọ̀ọ́, má pè mí."

Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. Ọláídé ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ò lè fi ọmọ òun fún ọmọ ìmàle tí ìyá rẹ̀ ń fọ ìdí arúgbó jẹun. Lóòótọ́, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Abibat ń ṣe, òun ló sì fi rán ọmọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kí obìnrin náà kọ̀ wọ́n, Morọ́láyọ̀ ì bá gbé e mì. Èyí tó há a lọ́fun ni pé Ọláídé jókòó sí yàrá ara rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń sọ fún Abibat pé òun wà lọ́nà.

Abibat ò sunkún. Ó bọ́ léèsì, ó ká a, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn aládùúgbò. Aaron tó ń gbé ní òdìkejì títì jẹ mọ́ínmọ́ín, ó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí. Morọ́láyọ̀ ló sunkún, nínú ọkọ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ ò ti ní rí i. Nígbà tó nu ojú tán, ó fi Ọlọ́run tó dá a búra pé lọ́jọ́ kan, obìnrin náà yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro ó.

Ọdún méjì kọjá. Akínwùmí fẹ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ yàn fún un, wọ́n kó lọ sí Atlanta. Morọ́láyọ̀ ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, ó ń bọ̀. Bí ọkùnrin kan bá sún mọ́ ọn, á wò ó bí ẹni tó ń wo ọjà tó ti bàjẹ́. Ìbínú ti jókòó sí ibi tí ìfẹ́ ìbá jókòó sí, kò sì fẹ́ dìde.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan náà, Oyèníkẹ́ àti Jessica, ni wọ́n fà á jáde. Ọmọ Kòríà ni ìyá Jessica, ìyá-ìyá rẹ̀ sì wà láyé, ní ìlú àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Jeonju.

"You need to get out of this place," ni Jessica wí. "Grandma has room. Just come."

Oyèníkẹ́ ní òun ní ọ̀rẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì òun tó fẹ́ bá wọn lọ. Déolú ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí àrùn rọ lẹ́sẹ̀ ló ń kọ́ ní ìrìn padà, kò sì tíì pẹ́ tó ti Texas kó wá sí Landover. Morọ́láyọ̀ ní kó máa bọ̀, kò sáà ní gun òun lórí.

Ìgbà tí ewé ń wọ́ ni wọ́n dé Jeonju. Ilé onígi tò lọ rẹrẹ, amọ̀ sísun dúdú ni wọ́n fi bò wọ́n lórí, etí òrùlé wọn sì ká sókè díẹ̀. Ọ̀nà àárín wọn tóóró, ó kún fún àwọn ọ̀dọ́ tó yá aṣọ ìbílẹ̀ wọ̀ tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ní àgbàlá ìyá-ìyá Jessica, igi kan wà tí èso rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ìkòkò ńláńlá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Déolú gbóòórùn wọn, ó dúró.

"Ẹ gbọ́ o, irú ni màmá yìí ń ṣe níbí."

Jessica ní ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọ́n bò kó lè kan ni. Déolú ní kí ló wá yàtọ̀ síra. "Ẹ fún mi ní ẹ̀fọ́ nìkan, mo ti délé." Morọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Ọkùnrin náà kì í yára. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá ti lọ síwájú, òun á máa rìn bí Morọ́láyọ̀ ṣe ń rìn, á máa bi í ní ìbéèrè, á sì dúró gbọ́ èsì. Ó bi í pé iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ara Morọ́láyọ̀ le bí ara ẹni tó ń retí ìgbájú.

"Ó ń tọ́jú arúgbó," ló wí. "Ó ń fọ ìdí wọn."

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ló tọ́jú bàbá mi ní Texas títí ó fi kú," ni Déolú wí. "Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Àwọn òyìnbó á rò pé mo ṣubú."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí ilẹ̀ ilé tí wọ́n ń dáná gbóná lábẹ́ rẹ̀, Morọ́láyọ̀ sùn àsùnwọra. Ó ti pẹ́ tó ti sùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ yá aṣọ. Morọ́láyọ̀ mú pupa kan tí òdòdó wà lára rẹ̀ nítorí pé ó lẹ́wà. Déolú wọ búlúù, ó sì dé fìlà dúdú kan tí wọ́n fi irun ẹṣin hun. Jessica ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá-ìyá òun rí wọn, pé bí ọmọdé bá múra báyìí, wọ́n máa ń kí àgbà dáadáa. "The big bow," ló wí. "All the way down."

Ìkúnlẹ̀ ni ìkíni tiwọn, wọn a sì tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n kí Jessica tó na ọwọ́ kó fi hàn wọ́n, Déolú ti gbọ́ pé kí òun lọ sílẹ̀ pátápátá, ó ti na gbọọrọ níwájú màmá náà, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, fìlà ń yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ọmọ Ìbàdàn ni, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Morọ́láyọ̀ náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó bu èso gbígbẹ nínú abọ́, ó dà á sí ẹsẹ̀ Morọ́láyọ̀, sórí aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀. Jessica di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ní ìyàwó tuntun ni wọ́n máa ń da èso lé lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé aṣọ ìyàwó náà sì ni pupa tó wọ̀. Oyèníkẹ́ ya fọ́tò, ó fi í sórí WhatsApp, níbi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti lè rí i. Kò kọ nǹkan kan sí i.

Ẹ wò ó bí ará ilé ṣe máa wò ó. Ọkùnrin na gbọọrọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin wọ aṣọ pupa, ó kúnlẹ̀ tì í. Àgbà jókòó níwájú wọn, èso kún ilẹ̀. Ta ni Yorùbá tó máa rí i tó máa ní eré ni wọ́n ń ṣe?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Déolú dún ní àgbàlá. "Big Mummy," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé e sókè kí wọ́n lè ríra wọn.

"Déolú, ta ni arúgbó tí o lọ dọ̀bálẹ̀ fún?"

Morọ́láyọ̀ ń mu tíì lórí àtẹ̀gùn. Abọ́ dúró sí i lẹ́nu. Ó mọ ohùn náà. Kò sí ibi tó ti máa gbọ́ ohùn yẹn láyé tí kò ní mọ̀ ọ́n.

"Ta ni ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ yẹn?" ni ohùn náà tún bi í.

Déolú, tí kò mọ ohun tó ń bẹ, yí fóònù padà. Ọláídé àti Morọ́láyọ̀ wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ojú fóònù ṣókùnkùn.

Akínwùmí ti sọ fún Morọ́láyọ̀ rí pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan ní Texas, ọmọ àbúrò ìyá òun tí ìyá òun tọ́ dàgbà. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ. "Ẹ̀gbọ́n mi" ni Akínwùmí ń pè é títí wọ́n fi túká. Morọ́láyọ̀ fa Oyèníkẹ́ wọ yàrá.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀," ni Oyèníkẹ́ wí. "Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá wá? Láyọ̀, èèyàn gidi ni. Kò mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn. Obìnrin yẹn kọ́ ló bí i."

"Òun ló wò ó dàgbà. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

Ó sunkún díẹ̀, nítorí ó ti fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò sì ní í parọ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omijé ṣe ń gbẹ ni èrò kan ń jókòó sí i nínú, ó rọra, ó dùn. Ẹni tó ń wá ọ̀nà àtigbà dé ilé Ọláídé, ṣe bí ọ̀nà ló là yìí. Nígbà tó jáde, ó kàn sọ fún Déolú pé òun mọ Big Mummy, pé Akínwùmí ti fẹ́ fẹ́ òun rí, kò bọ́ sí i. "Tó bá bi ẹ́ nípa fọ́tò, má sọ pé eré ni."

Déolú ti fóònù bọ àpò. "Kì í ṣe eré lójú tèmi náà," ló wí.

Kí wọ́n tó padà dé Maryland, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí fọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbá Ọláídé mọ́ra pé, "Ẹ kú oríire, a rí Brother Déolú àti ìyàwó." Kí ló yẹ kí ìyá ìjọ ṣe? Kó ní ọmọ tí òun wò dàgbà lọ tọrọ ìyàwó lẹ́yìn òun? Ìgbéraga kò jẹ́. "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run ló ṣe é," ló wí. Nígbà tí ìjọ parí, gbogbo wọn ti mọ̀, wọ́n sì ń béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹnu rẹ̀ ló fi de ara rẹ̀.

Déolú ò fi tirẹ̀ pamọ́. Nínú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Capitol Heights, ó ní, "Láyọ̀, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Jẹ́ kí n mú àwọn èèyàn mi wá bí ó ṣe yẹ." Morọ́láyọ̀ ní kó mú wọn wá. Ìdajì ọkàn rẹ̀ sọ ọ́ nítorí pé ó fẹ́ ẹ dénú eegun. Ìdajì kejì ti ń ronú ilẹ̀kùn.

Oyèníkẹ́, tí wọ́n jọ wà ní ìjọ kan náà, ni Ọláídé fi ṣe alárinà. Ó wá bá Morọ́láyọ̀ ní yàrá ìsinmi àwọn nọ́ọ̀sì.

"Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Ọjọ́ wo ni kí wọ́n wá?"

"Sátidé tó ń bọ̀. Kí wọ́n múra dáadáa. Kí wọ́n mú èso wá."

Oyèníkẹ́ wò ó. "Ìwọ, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Màá ti ilẹ̀kùn. Tó bá pè, màá ní a ti ń bọ̀ wá ṣí i, kò ní pẹ́ mọ́."

"Déolú náà á wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun lo máa pàdánù."

"Bó bá lọ, kó lọ," ni Morọ́láyọ̀ wí. Ṣùgbọ́n ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ láì mu ún.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Sátidé tó tẹ̀ lé ìyẹn ni àwọn àlejò ń bọ̀, kí Abibat má bàa dáná. Abibat ti mọ ẹni tí Déolú jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un, ó ní, "Ọmọ náà kí mi dáadáa. Ẹni tó wò ó dàgbà, Ọlọ́run ló máa bi í." Láàárín ọ̀sẹ̀, Déolú wá bí ó ṣe máa ń wá, ó kọ́ Abibat bí yóò ṣe máa na orúnkún tó ń ro ó. Nígbà tó ń lọ, ó wo Morọ́láyọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́. Morọ́láyọ̀ wẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kó pè é. Ó rántí léèsì aláwọ̀ ewé, kò pè é mọ́.

Sátidé pé. Ọ̀sán gangan, ọkọ̀ méjì dúró níwájú ilé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ewé tútù bo àtẹ̀gùn. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, Morọ́láyọ̀ rí Ọláídé tó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gèlè ńlá, obìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì gbé apẹ̀rẹ̀ èso, Déolú sì wọ agbádá funfun. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n tún kàn án. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n, ó gbé e.

"A ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó wa," ni Ọláídé wí.

"Ẹ dúró, mà. A ti ń bọ̀. Kò ní pẹ́ mọ́."

Inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́, ó dùn bí oyin. Abibat jáde láti yàrá, ó ti kírun tán, ó yọ́ wo ìta. Ó wò fún ìgbà pípẹ́.

"Ìwọ lo pè wọ́n fún òní?"

"Èmi ni, Mọ́mì. Kí wọ́n dúró bí a ṣe dúró."

Morọ́láyọ̀ ń retí ìbáwí. Abibat fa àga kan wá sẹ́bàá fèrèsé, ó jókòó, ó ṣàtúnṣe ìborùn rẹ̀. "Ṣí kọ́tìnì yẹn díẹ̀," ló wí. "Mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa."

Wọ́n jọ ń wò ó, ìyá àti ọmọ. Ọláídé yí ẹsẹ̀ padà. Ó tún pè, Morọ́láyọ̀ tún ní kò ní pẹ́ mọ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Aaron jáde sí iwájú ilé rẹ̀, ó ń gbá ewé, ó sì tẹjú mọ́ wọn. Níkẹyìn ó yé Ọláídé pé wọ́n ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Déolú, ó ya, ká lọ."

Morọ́láyọ̀ di kọ́tìnì mú. Ibi tó ń rò dé nìyí, kò sì rò ó kọjá ibẹ̀ rí. Bí ọkùnrin náà bá wọ ọkọ̀ yẹn, kò ní padà wá, kò sì sí ẹ̀san kan láyé tó máa gbóná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún un nígbà òtútù.

Déolú ò wọ ọkọ̀. Ó gbé agbádá rẹ̀ sókè, ó sì na gbọọrọ sórí ewé tútù níwájú ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe ní Jeonju.

"Dìde níbẹ̀," ni Ọláídé wí. "Wọn ò sí nílé."

"Wọ́n wà nílé, Big Mummy. Mọ́mì Láyọ̀ sọ fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ pé Sátidé tó máa tẹ̀ lé ti òní ni a máa wá. Ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún wa lónìí." Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ilẹ̀, kò le, kò sì rọ̀. "Oyèníkẹ́ ti sọ fún mi ohun tí ẹ ṣe sí wọn. Mo mọ̀, mo sì gbé yín wá."

Morọ́láyọ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi iwájú orí tì í.

"Déolú, dìde," ló wí láti inú. "Ìwọ kọ́."

Ọláídé gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin rẹ̀ gbọ́ ọ, àwọn kan náà tó kúnlẹ̀ kí i ní Sọ́ńdè. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ tó wò dàgbà tó na sílẹ̀ nínú ewé. Lẹ́yìn náà ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó fi orúnkún kan lélẹ̀, ó fi ìkejì tẹ̀ lé e.

"Abibat," ló wí, "inú ilé mi ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mo jókòó, mo ń wo tẹlifíṣọ̀n, mo ní mo wà lọ́nà. Mo ṣe é. Ẹ má bínú."

Morọ́láyọ̀ wo ìyá rẹ̀. Abibat ò tètè dìde. Ó jẹ́ kí orúnkún obìnrin náà mọ bí ilẹ̀ àwọn ṣe tutù tó. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ wọlé," ló wí. "Àlejò ni yín."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Morọ́láyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewé kúrò lára agbádá Déolú, ewé kan tẹ̀ lé ìkejì, ó ní, "O mọ̀, o ò sì sọ fún mi."

"Ìwọ náà mọ̀, o ò sọ fún mi," ni Déolú wí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, Morọ́láyọ̀ ò sì gbà á padà.

Abibat ní kò sí oúnjẹ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní kúrò nílé òun láìjẹun. Mọ́ínmọ́ín lòun máa sè. Ó bu ẹ̀wà gbígbẹ sínú omi, ó gbé abọ́ náà wá sí pálọ̀ kí gbogbo wọn lè rí i, ó jókòó kojú Ọláídé. Nígbà tí ẹ̀wà rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ọláídé ní kí òun bá a bó o, Abibat ní rárá, àlejò kì í dáná. Ìyá ìjọ gbé ọwọ́ lé itan. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ikùn ẹnìkan kùn láàárín wọn.

"Alhaja," ni Ọláídé wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ṣé ó ṣì máa pẹ́?"

Abibat mú ẹ̀wà kan, ó tẹ̀ ẹ́, èèpo rẹ̀ bọ́.

"Kò ní pẹ́ mọ́," ló wí. "Ó ti wà lọ́nà."